Bí Àdúgbò Ṣe Lè Ka Wákàtí Iná, Kí Wọ́n Má Baà Sanwó Iná Tí Wọn Ò Rí

Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín wa sí ìsọ̀rí (Band), tí owó iná sì ń tẹ̀ lé iye wákàtí tó yẹ kí a máa rí iná. Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. B 16, C 12, D 8, E 4. Nígbà tó di 3 April 2024, wọ́n gbé owó Band A sí ₦225 fún yúníìtì kan nígbà náà. Bí ẹlẹ́ja dídì ní Ìgbọ̀nà tàbí télọ̀ l'Ókè-Fíà, l'Óṣogbo níbí, bá ń sanwó wákàtí 20, tó sì ń rí 11, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Àkọsílẹ̀ ló lè gbà á padà, kì í ṣe ariwo.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìsọ̀rí yín lára bíìlì. Ẹni tó ń lo mítà alásansílẹ̀ lè ṣírò iye tó ń san fún yúníìtì kan: ẹ fi 1.075 pín owó tí ẹ san kí VAT lè kúrò níbẹ̀, kí ẹ wá fi iye yúníìtì pín èyí tó kù. Bí ₦5,000 bá fún yín ní yúníìtì 20.67, ₦225 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ń yọ gbèsè àtijọ́ lórí mítà náà, ìṣirò yìí ò ní tọ̀nà, nítorí náà ẹ yẹ rìsíìtì wò dáadáa.

Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí i fún ọjọ́, ìgbà tí iná dé, ìgbà tó lọ, àti àlàyé. Ilé méjì tó ń lo tiransifọ́mà kan náà ni kó máa kọ ọ́, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ilé tí ẹnì kan máa ń jókòó sí lọ́sàn-án. Ti òru ló máa ń sọnù jù. Ẹ bẹ ọdẹ àdúgbò. Iná tó dé ní 6:10 àárọ̀ tó lọ ní 9:40, tó tún dé ní 5:00 ìrọ̀lẹ́ tó lọ ní 11:30, wákàtí 10 nìyẹn. Ẹ ro ti ọgbọ̀n ọjọ́ pọ̀, kí ẹ fi 30 pín in. Wákàtí 310 á fún yín ní 10.3 lójúmọ́, kò tó ti Band C.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́ rèé. Ilé iṣẹ́ tó ń pín iná kì í ka wákàtí lẹ́nu ọ̀nà yín. Orí wáyà àgbà tó ń gbé iná wá fún àdúgbò púpọ̀, tí wọ́n ń pè ní feeder, ni wọ́n ti ń kà á. Bí fíúsì tiransifọ́mà yín bá jó, tàbí tí wáyà kan ṣoṣo nínú mẹ́ta bá kú, ìwé tiwọn á sọ pé iná wà. Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ pe ẹnìkan ní òpópónà mìíràn tó wà lórí feeder kan náà. Bí tiwọn náà bá lọ, ẹ kọ “gbogbo wa”. Bí kò bá lọ, ẹ kọ “tiwa nìkan”, kí ẹ sì fi ẹjọ́ ìyẹn sùn lọ́tọ̀, kíákíá.  Ọjọ́ tí gíríìdì, ìyẹn wáyà àgbà tó so iná gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, bá ṣubú, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí wọ́n má baà fi ọjọ́ kan ba àkọsílẹ̀ oṣù kan jẹ́. Iná tó wá tí kò lè gbé fíríìjì, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀.

Fún Band A, òfin NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, sọ pé bí wákàtí kò bá pé fún ọjọ́ 7 léraléra, kí wọ́n já feeder náà wálẹ̀ sí ìsọ̀rí tó ń rí gan-an. Ẹ tọ́ka sí èyí nínú lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná.

Kí ẹgbẹ́ onílé kọ lẹ́tà náà, kí ó ní orúkọ feeder, nọ́ńbà mítà tàbí àkáǹtì ilé márùn-ún, àti ìṣirò oṣù náà. Ẹ̀dà méjì: kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti déètì sí tiyín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ 15 tí kò bá sí èsì, ẹ gbé e lọ sí NERC. Ẹ máa san owó tí ẹ kò bá jiyàn lé lórí, kí wọ́n má baà rí ìdí gé wáyà yín. Fọ́tò ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ẹ fún wọn; ojúlówó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.