Bí mo ṣe ń mọ ibi tí okùn máa dé kí n tó fa etí íńtálọ́ọ̀kì

Owó ara mi ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí ní Adéwọlé, ní Ìlọrin. Àlàájà kan ra íńtálọ́ọ̀kì, òkúta tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀, síkúwáà mítà 12. Ó ní kí n fi tẹ́ igun iwájú ilé òun, kí etí rẹ̀ rí róbótó. Mo kan èèkàn mọ́ ìdí igun náà, mo so okùn mítà 5 mọ́ ọn, mo fa ilà. Òkúta tán kí n tó dé etí ilà. Ilẹ̀ tí mo fà ju síkúwáà mítà 19 lọ! Àlàájà ò bá mi jà, ṣùgbọ́n èmi ni mo san owó èyí tó kù. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ṣírò kí n tó kan èèkàn.

Ẹ má wo abala ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ́ ní igun bí ohun tó dá dúró. Ara odidi róbótó kan ni, odidi yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Odidi jẹ́ dígírì 360, igun ilé Àlàájà jẹ́ 90. 90 wọ 360 lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí náà 12 lọ́nà mẹ́rin, ó di 48. Ilẹ̀ odidi róbótó nìyẹn.

Bí a bá fi gígùn okùn lọ́nà ara rẹ̀, tí a tún fi lọ́nà páì, ìyẹn 3.142, ilẹ̀ odidi róbótó la máa rí. Àwa ń padà sẹ́yìn ni: ẹ fi 3.142 pín 48, ẹ ó rí 15.28.

Ibí ni ọmọ iṣẹ́ mi ti bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé mítà 15 la máa so ó sí?" Rárá o. Okùn lọ́nà okùn ni 15.28. Ẹ tẹ àmì rúùtù (√) lórí kalikulétọ̀ fóònù yín, òun ló ń wá nọ́ńbà tí a fi lọ́nà ara rẹ̀, ó máa fún yín ní 3.91. Mítà 3.9 ló yẹ kí n so okùn sí. Ẹ dán an wò: 3.9 lọ́nà 3.9 lọ́nà 3.142, kí ẹ pín in sí mẹ́rin. 11.95 ni, kò ju 12 lọ, bí a ò bá tíì ka èyí tí a máa gé sọnù.

Kì í ṣe gbogbo igun ló jẹ́ 90. Ẹ sàmì sí mítà 1 lára ògiri méjèèjì láti ìdí igun, kí ẹ wọn àárín àmì méjèèjì. Bó bá jẹ́ mítà 1, igun náà jẹ́ 60, 1.41 jẹ́ 90, 1.73 jẹ́ 120.

Ní Ajàṣẹ́-Ìpo, 1.73 ni mo bá. Òkúta síkúwáà mítà 20 ni wọ́n rà. Mo yọ 2 kúrò fún èyí tí a máa gé sọnù, torí etí róbótó máa ń jẹ òkúta gan-an. 18 lọ́nà 360, pín in sí 120, ó di 54. Pín 54 sí 3.142, ó di 17.19. Rúùtù rẹ̀ jẹ́ 4.15.

Ọmọbìnrin mi tó ń múra WAEC mú ìbéèrè tirẹ̀ wá lálẹ́ ọjọ́ kan: ilẹ̀ 77, igun 45, páì 22/7. Ọ̀nà kan náà ni. 77 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 616. Nígbà tó fi 22/7 pín in, 196 ló rí, rúùtù rẹ̀ sì jẹ́ 14.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi okùn ọ̀rá fa ilà, ó máa ń nà bí ẹ bá fà á le. Wáyà tí a fi ń di irin ni kí ẹ lò, àárín èèkàn gan-an sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.