Ẹ fi kírómósóòmù 22 bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kọ̀ǹpútà ńlá ti yunifásítì wa, orí login node ni mo ti da iṣẹ́ mi bolẹ̀. Kò pé wákàtí kan tí alábòójútó fi pa á, ó sì fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi. Àṣé ẹnu ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá ni, èmi wá gbé ìkòkò àsè síbẹ̀.

Dátà 1000 Genomes, àkójọ DNA àwọn èèyàn káàkiri ayé, ni mò ń lò: èèyàn 2,504 láti àwùjọ 26, fáìlì kan fún kírómósóòmù (okùn DNA) kọ̀ọ̀kan. Àwọn Yorùbá 108 tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn n'Ìbàdàn wà níbẹ̀, YRI ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo fẹ́ fi bcftools, irinṣẹ́ tó ń ka irú fáìlì yìí, yọ wọ́n sọ́tọ̀, kí n sì mọ bí ìyàtọ̀ DNA kọ̀ọ̀kan ṣe wọ́pọ̀ tó láàárín wọn. (Ẹ ṣọ́ra o: view -S, àṣẹ tó ń yọ wọ́n, á tún AC (iye ìgbà tí ìyàtọ̀ náà hàn) àti AN (iye gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n kà) ṣírò, ṣùgbọ́n AF (AC tá a fi AN pín) tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ṣì jẹ́ ti gbogbo èèyàn 2,504. Ẹ lo +fill-tags láti tún un ṣírò.)

Lórí kọ̀ǹpútà ńlá náà, Slurm ló ń to iṣẹ́ sórí ìlà. Inú script (fáìlì àṣẹ yín) lẹ ó kọ --mem (mẹ́mórì tẹ́ ẹ fẹ́) àti --time (àkókò tẹ́ ẹ fẹ́) sí, kẹ́ ẹ tó fi sbatch rán an. Ẹni tó bèèrè 200G nígbà tí 8G tó o, á pẹ́ lórí ìlà. Ẹni tó bèèrè kéré jù, Slurm á pa iṣẹ́ rẹ̀, á sì kọ OUT_OF_MEMORY sí i. Ẹ má méfò. Ẹ kọ́kọ́ rán kírómósóòmù 22 nìkan, ó wà lára àwọn tó kéré jù. Tó bá parí, ẹ tẹ seff àti nọ́ńbà iṣẹ́ náà, ẹ ó rí mẹ́mórì àti àkókò tó lò gan-an. Kírómósóòmù 1 gùn tó ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. Ẹ sọ àkókò náà di ìlọ́po márùn-ún, kẹ́ ẹ fi èènì sí i. Mẹ́mórì ò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ìlà kan lẹ́yìn òmíràn ni bcftools ń ka fáìlì.

Ó wá kan --array=1-22%6. Ẹ fi $SLURM_ARRAY_TASK_ID sí àyè nọ́ńbà kírómósóòmù nínú orúkọ fáìlì, iṣẹ́ kan á di 22. %6 yẹn ni pé mẹ́fà péré ni kó máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹlòmíì náà ń dúró lórí ìlà. Bí 8 bá kú, --array=8 nìkan lẹ máa tún rán.

Lọ́jọ́ tó bá parí gan-an ni kẹ́ ẹ kó èsì yín kúrò lórí scratch, àyè ìpamọ́ onígbà díẹ̀. Tiwa níbí, wọ́n ń gbálẹ̀ ibẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì mi sì ti bá a lọ rí.