Agbára kọ́ la fi ń fọ eyín o: àṣìṣe tí à ń ṣe pẹ̀lú búrọ́ṣì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra búrọ́ṣì tó le mọ́. Ì báà ṣe Bódìjà, ì báà ṣe Agbeni, tí mo bá dúró nídìí ẹni tó ń tà á n'Ìbàdàn níbí, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni "ẹ fún mi léyìí tó le, èyí tó máa ha á dáadáa". Ká ní ìdí ìkòkò la fẹ́ ha ni, ǹ bá ní kò burú. Ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín, táwọn dẹ́ńtíìsì ń pè ní plaque, rọ̀ ni, ó ń yọ̀, kòkòrò tójú ò lè rí ló kún inú ẹ̀, irun búrọ́ṣì tó rọ̀ á gbá a kúrò tó bá ṣáà ti débẹ̀. Kó débẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Etí èrìgì ni ìdọ̀tí yìí máa ń sá sí jù, níbi tí ẹran àti eyín ti pàdé, àti àárín eyín sí eyín. Ẹni tó ń gbo eyín síwá sẹ́yìn kíkankíkan bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó, ojú eyín tó yọ síta nìkan ló ń fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fọ̀ ọ́ báyẹn fọ́dún pípẹ́, nígbà tó yá èrìgì ẹ̀ sún sókè, ìdí eyín hàn síta, omi tútù lásán eyín á ti kan án, èrìgì tó bá sì ti sún báyẹn kì í dà padà fúnra ẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ dá búrọ́ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí irun ẹ̀ kọjú sí etí èrìgì, ẹ máa mì ín díẹ̀díẹ̀ lójú kan, eyín méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó sún síwájú. Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn eyín tó kọjú sáhọ́n. Ìṣẹ́jú 2, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹ má fi talẹ́ ṣeré torí itọ́ tó ń ṣan ẹnu máa ń dínkù tá a bá sùn.

Búrọ́ṣì tí orí ẹ̀ tóbi jù náà ò da, kì í dé ọ̀dọ̀ eyín tó wà lẹ́yìn pátápátá. Èyí tírun ẹ̀ ti fẹ́ bí ìgbálẹ̀ ńkọ́? Ẹ jù ú nù, oṣù 3 sí 4 ti tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń run orín, mi ò bá yín jà, ẹ ṣáà run ún títí ẹnu ẹ̀ á fi rọ̀, kẹ́ ẹ má sì dúró sí apá kan nìkan.

Àwọn kan tún wà, tẹ́jẹ̀ bá ti yọ, wọn ò ní fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdọ̀tí tó jókòó síbẹ̀ ló fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá wá fi í sílẹ̀, itọ́ á sọ ọ́ di líle bí òkúta, kò sí búrọ́ṣì tó lè yọ ọ́ mọ́, àfi kí dẹ́ńtíìsì bá yín ha á. Ẹ rọra máa fọ ibẹ̀, tẹ́jẹ̀ ò bá dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ lọ rí wọn.