Ẹ mú oṣù ìgbéjáde, ẹ má dúró de iṣẹ́
Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó sọ́fítíwíà open source, ìyẹn èyí tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ẹ mú oṣù tí ẹ̀dà tuntun yóò máa jáde. Iṣẹ́ tí kò bá tíì parí, kó dúró de ẹ̀dà tó kàn. Bí Ubuntu, ètò open source tó ń darí kọ̀ǹpútà, ṣe ń ṣe nìyẹn: oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá lọ́dọọdún. Ọdún àti oṣù náà ló ń di nọ́ńbà, bíi 24.04 fún oṣù kẹrin ọdún 2024. Kò sẹ́ni tí yóò máa ti kóòdù tí kò tíì jinná wọlé tipátipá, torí oṣù mẹ́fà péré ló kù kí ẹ̀dà tó kàn jáde. Àmọ́ bó bá jẹ́ library ni, ìyẹn kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ń lò nínú ètò tiwọn, nọ́ńbà ọjọ́ kì í sọ bóyá àyípadà yóò ba kóòdù ẹlòmíràn jẹ́. Ẹ lo nọ́ńbà irú 2.4.1 fún un, kí ẹ sì yí nọ́ńbà àkọ́kọ́ nígbà tí ohun àtijọ́ kò bá ní ṣiṣẹ́ mọ́.