Kẹ́ ẹ tó fọ́n oògùn sára ọsàn yín, ẹ kọ́kọ́ mọ arígiṣẹ́gi yàtọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ní ọsàn tàbí kòkó l'Ékìtì. Ẹ̀ẹ̀mejì la fọ́n oògùn ní oko wa lójú ọ̀nà Ìjerò, arígiṣẹ́gi ò mira. Ìgbà tá a mọ bó ṣe ń gbé ayé ẹ̀ la tó rí i ṣe.

Ẹ wo ara ẹ̀ka dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó so rọ̀ bí ìdì igi ìdáná kékeré, igi tín-ín-rín tín-ín-rín tí wọ́n tò pọ̀, ẹ dúró jẹ́ẹ́, tó bá yá orí kan á yọ lókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ilé ẹ̀ lọ. Òun nìyẹn, èyí táwọn àgbà ní ó ṣẹ́gi, orí ara ẹ̀ ló fi rù ú. Ọ̀pọ̀ wa la fi ṣeré ní kékeré láì mọ̀ pé ọmọ àfòpiná ni. Ilé yẹn kì í ya bọ̀rọ̀, torí òwú tó ń ti ẹnu ẹ̀ jáde ló fi hun inú ẹ̀, igi kàn lẹ̀ mọ́ ìta ni. Ihò òkè ló ń gbà jẹun, ti ìsàlẹ̀ ló ń gbà da ìgbẹ́ nù.

Ẹyin ẹ̀ kì í wà lára ewé o, inú ilé ìyá wọn ló wà, ó sì lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Tó bá pa, àwọn ọmọ á jáde nísàlẹ̀, wọ́n á ta òwú, afẹ́fẹ́ á gbé wọn lọ sórí igi míì. Ibi tí kálukú bá balẹ̀ sí ló ti máa kọ́lé tiẹ̀, bó sì ṣe ń dàgbà ló ń fi kún un, kì í kó jáde. Tó bá dàgbà tó, á fi òwú so ilé mọ́ ẹ̀ka típẹ́típẹ́, á dorí kodò, kò ní jẹun mọ́, ara ẹ̀ á máa yí padà. Akọ á hu ìyẹ́, á fò jáde wá abo kiri, ọjọ́ díẹ̀ ló máa lò láyé, kò sì ní fẹnu kan nǹkan kan. Abo ní tiẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, kì í ní ìyẹ́ rárá, bí ìdin ló ṣe máa wà, inú ilé yẹn lakọ ti máa bá a, ibẹ̀ ló ń yé sí. Àánú ẹ̀ ṣe mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ń já a, ẹ má jù ú sílẹ̀! Ilé tẹ́ ẹ rò pé ó ṣófo lè kún fún ẹyin. Bọ́kẹ́ẹ̀tì olómi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ sì fọ̀bẹ gé òwú tó fi so, torí ó lè fún ẹ̀ka kékeré pa. Oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án nínú ilé yẹn tó bá ti dàgbà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló ń ràn.

Kòkòrò tó ń fa ìlà funfun wẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ọ̀nà ìgbín lára ewé ọsàn yàtọ̀ o. Phyllocnistis citrella làwọn onímọ̀ ń pè é, kì í ru ilé, abẹ́ awọ ewé ló ń gbé. Ewé tuntun tó rú lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ló fẹ́ràn, ewé tó ti le kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ gbé ewé náà sí oòrùn, ìlà dúdú tó wà láàárín ọ̀nà yẹn, ìgbẹ́ ẹ̀ ni. Tó bá fẹ́ yí padà, á ká etí ewé bo ara ẹ̀. Àfòpiná tó ń jáde níbẹ̀ funfun, tó bá na ìyẹ́ méjèèjì kò ju bíi mílímítà 4 sí 5 lọ, àmì dúdú wà ní ṣóńṣó ìyẹ́ ẹ̀.

(Nílẹ̀ òyìnbó, àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Coleophora, méjèèjì ni wọ́n ń ṣe: á kọ́kọ́ gbénú ewé, á wá gé awọ ewé yẹn fi ṣe ilé tó máa rù kiri. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ẹ̀ lórí fóònù, ẹ má fi pe ti oko yín.)

Ọsàn tó ti gbó kò ní kú torí onílà yìí, àwọn ọmọ ọsàn inú nọ́sìrì ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹ má sì já gbogbo ewé tó nílà dànù, ibi tó ṣì tutù lára ẹ̀ ṣì ń bọ́ igi.