Èsì WAEC àti ìlà àsọtẹ́lẹ̀: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú díwọ̀n iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ girama

Bí ẹ bá ti kó èsì WAEC ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òṣogbo jọ sínú Excel, ẹ má tíì fa ìlà àsọtẹ́lẹ̀ kankan, ìyẹn ìlà tó ń fi èsì ọdún tó ti kọjá sọ ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ wo iye ọmọ tí wọ́n fi pín iye àwọn tó yege ná. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó ń dùn mí jù wà.

Ká ní ọmọ 100 wọ SS1. Nígbà tí wọ́n dé SS3, 60 péré ló forúkọ sílẹ̀, 48 sì gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Wọ́n á kọ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Lọ́dún kejì, nínú 100 mìíràn, 40 forúkọ sílẹ̀, 36 yege: ìdá 90. Ìlà ń gòkè, wọ́n á ní ilé ẹ̀kọ́ náà ń tẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀ àwọn tó yege ti fi 12 dín! Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rówó ìdánwò san, èyí tí wọ́n dá dúró nítorí mock, èyí tó ti lọ kọ́ṣẹ́, kò sí ọ̀kan tó wọ inú ìṣirò náà. Iye tó wọ SS1 ni kí ẹ fi pín in, kí ẹ yọ kìkì àwọn tó kó lọ sílé ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ẹ má sì fa ìlà kan ṣoṣo la ọdún tí nǹkan yí padà kọjá. Nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlà jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun, wọ́n da àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan pọ̀. Ní 2020, ìjọba Oyètọ́lá tó gbapò rẹ̀ dá orúkọ àtijọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ètò 6-3-3-4 padà. Ọdún yẹn náà ni kòrónà sún WAEC láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹjọ.

Níbi tí ọmọ SS3 kò ju 20 lọ, ẹnìkan tó bá ṣàìsàn lọ́jọ́ Ìṣirò ti mú ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó kéré tán. Ẹ má pe ìyẹn ní ìfàsẹ́yìn.

Èsì nìkan kọ́ là ń díwọ̀n o. Tíṣà mélòó ló wà níbẹ̀? Èló ni wọ́n ná? Báwo ni àwọn ọmọ ṣe mọ̀wé tó nígbà tí wọ́n wọlé? Láti 1978 ni Charnes, Cooper àti Rhodes ti gbé ìṣirò DEA (Data Envelopment Analysis) jáde, èyí tó ń fi ohun tó wọlé wé ohun tó jáde. Ìlà àsọtẹ́lẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi èsì ọdún méjì tó kẹ́yìn pamọ́, kí ìṣirò yín sọ wọ́n. Bí kò bá sún mọ́ òótọ́ ju pé kí ẹ kàn tún èsì ọdún tó ṣáájú wọn kọ, ẹ má lò ó. Bí ó bá sún mọ́ ọn, ẹ kọ "láàárín 55 sí 75", ẹ má kọ 65 nìkan, pàápàá bó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n fẹ́ wò kí wọ́n tó gbé tíṣà kúrò níbì kan.