Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé táyà tírélà ti ń tú, tàbí pé stọ́ọ̀dù (irin tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀) ti kán

Táyà tírélà kì í ṣàdédé fò yọ lójú títì, ó ti máa ń fi àmì hàn tipẹ́, àwa la kì í bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ̀.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ṣíná mọ́tò, kẹ́ ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì dání torí táyà ẹ̀yìn tó jẹ́ méjì-méjì yẹn, inú ẹ̀ máa ń ṣókùnkùn. Ẹ wo ìdí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí ìpẹtà pupa tó ṣàn láti ìdí nọ́ọ̀tì wá sára rímù, ó ṣeé ṣe gan-an kí nọ́ọ̀tì yẹn ti dẹ̀, rímù ti ń mì lábẹ́ ẹ̀, irin ń ha irin, ẹbu tó ń bọ́ níbẹ̀ ló pọ́n yẹn. Ìgbà míì irin tó ń dán ni ẹ máa rí yíká ìdí nọ́ọ̀tì, ọ̀kan náà ni. Tí ihò rímù bá ti gùn bí ẹyin, ẹ má da ara yín láàmú, rímù yẹn ti lọ nìyẹn, kò sí nọ́ọ̀tì tó lè gbà á là.

Ẹ ka stọ́ọ̀dù. Mẹ́wàá ló wà nídìí táyà ọ̀pọ̀ tírélà, ẹ sì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan torí stọ́ọ̀dù lè ti kán sínú kí nọ́ọ̀tì ṣì jókòó síta bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Àwọn tó ń fi òòlù kàn án láti gbọ́ dídún ẹ̀, èyí tó ti tú pátápátá nìkan nìyẹn lè mú.

Tí táyà bá ń mì, ẹ há àwọn táyà tó kù kí wọ́n má bàa yí, ẹ jáàkì í, ẹ ki igi tó nípọn sábẹ́ ásùlù (jáàkì nìkan ò tó o!), kẹ́ ẹ wá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ mì í. Tí họ́ọ̀bù (ibi tí wọ́n de rímù mọ́) bá ń bá rímù mì pọ̀, bíárìn (èyí tó ń jẹ́ kí họ́ọ̀bù yí wẹ́rẹ́) ni. Tó bá jẹ́ rímù nìkan ló ń mì tí họ́ọ̀bù dúró, nọ́ọ̀tì ni. Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò, wọ́n á pààrọ̀ bíárìn tí ò ṣe nǹkan kan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú nọ́ọ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wo orí stọ́ọ̀dù, torí àwọn mọ́tò àtijọ́ kan, apá òsì wọn òdì ló ń yí, wọ́n sì máa ń tẹ L sórí ẹ̀.

Ẹ wá wo ojú ibi tí stọ́ọ̀dù ti kán. Tó bá jọ̀lọ̀ tó sì ti dípẹtà, ó ti pẹ́ tó ti ń sán díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Tó bá funfun tó rí ṣákaṣàka, ẹ̀ẹ̀kan náà ló já, ẹ bi ẹni tó ki páìpù gígùn bọ sípánà tó wá ń gùn ún. Ẹyọ kan ló kán? Ẹ pààrọ̀ òun àtàwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tó bá ti di méjì, gbogbo ẹ̀ ni.

Ẹ ha ìpẹtà àti ọ̀dà tó nípọn kúrò lójú ibi tí rímù ti ń pàdé họ́ọ̀bù, àìṣe èyí ló ń jẹ́ kó tún dẹ̀. Ẹ fọwọ́ de nọ́ọ̀tì ná, kẹ́ ẹ wá máa fi sípánà fún àwọn tó dojú kọra, tòkè, tìsàlẹ̀. Stọ́ọ̀dù M22 (èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 22) tó wọ́pọ̀ lórí tírélà ń gba 450 sí 500 foot-pound lórí torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń fi bí nọ́ọ̀tì ṣe fún tó hàn, àmọ́ ìwé mọ́tò yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé.

Tẹ́ ẹ bá ti rin kìlómítà 80 sí 160, ẹ tún fi torque wrench fún àwọn nọ́ọ̀tì, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá gbéra l'Ékòó, kẹ́ ẹ dúró n'Íbàdàn. Kẹ́ ẹ wá fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì dé ara rímù, èyí tí ìlà ẹ̀ bá ti yà láàárọ̀, òun ló ti yí.